Bí a ṣe ń dá etí adágún tí ọ̀gbàrá ti jẹ padà sípò

Ní ilẹ̀ Yàgbà, níbi tí dáàmù Omi ti dí odò Kampe lẹ́bàá Ejiba, àti ní ìlú yòówù ní ìwọ̀-oòrùn Kogí tí adágún wà létí rẹ̀, ìgbì omi ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi bí etí omi bá ń ya lulẹ̀. Ìgbì ní ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá tó ń ti orí òkè àti àárín ìlú sọ̀kalẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ohun àgbàgbé. Nítorí náà, òkè ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tọ ipa omi nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n sì ri èèkàn mọ́ gbogbo ibi tí ọ̀gbàrá ti ń kórajọ, ìbáà ṣe abẹ́ páànù ilé, ẹ̀gbẹ́ títì, tàbí oko tí wọ́n kọ ebè rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tún sàmì sí ibi tí adágún kún dé nígbà òjò àti ibi tó fà dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí dáàmù bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ má sì gbin igi sára ògiri dáàmù tí a fi erùpẹ̀ mọ, torí gbòǹgbò igi lè la ọ̀nà fún omi láti jò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìlà tí ilẹ̀ ti dọ́gba lára òkè. Ẹ gé ọ̀pá méjì tí ìkọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 2, ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ sì so ọ̀pá kẹta mọ́ wọn ní ìbú, kí ó rí bí lẹ́tà A. Ẹ so okùn tí òkúta wà nídìí rẹ̀ mọ́ orí, kí ó máa fì kọjá ọ̀pá ìbú. Ẹ sàmì sí ibi tí okùn bá ti kan ọ̀pá yìí. Ẹ yí i padà kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí ojú ibi tí ti òsì wà tẹ́lẹ̀, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni kí ẹ máa lò. Nígbàkígbà tí okùn bá dúró sí àárín yẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì wà ní ìpele kan náà. Ẹ ri èèkàn mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí, ẹ máa gbé e lọ láti èèkàn dé èèkàn, kí ẹ to òkúta sójú ìlà náà, kí àwọn àgbẹ̀ sì kọ ebè wọn tẹ̀ lé e. Òkúta kò wọ́n wa ní agbègbè yìí. Ní ti omi òrùlé, ẹ fi gọ́tà darí rẹ̀ sínú dùrọ́ọ̀mù.

Níbi tí kòtò ọ̀gbàrá bá ti là, ẹ fi òkúta dí i ní ìpele-ìpele, kí àárín ìdènà kọ̀ọ̀kan rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí omi má baà jẹ ẹ̀gbẹ́ kòtò. Orí ìdènà ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ ti òkè rẹ̀ dọ́gba.

Ìgbà yìí ni etí adágún kàn. Ẹ gé bèbè tó bá dúró ṣánṣán kí ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹ sì to òkúta ńlá sí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ìgbì ń lù. Lókè àmì ìkún omi, ẹ gbin koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà 3. Ẹ ya ìdì rẹ̀ sí ẹ̀ka méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 20, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, nítorí ìlà tó bá ní àlàfo ńlá kò lè dí omi. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ẹ ti gbọ́dọ̀ gbìn ín, kí ó lè ti fìdí múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Ìtọ́jú ló kù. Ẹ yan ojú ibi kan tí màlúù yóò ti máa mumi, tí ọkọ̀ ojú omi yóò sì máa gúnlẹ̀ sí, kí ẹ fi òkúta tẹ́ ibẹ̀, kí ẹ sì fi ọgbà dí ìyókù. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ilẹ̀ yí koríko náà ká, kí iná igbó má baà jó o. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan lọ wo àwọn ìlà òkúta, kí ó tún èyí tó ṣubú tò, kí ó sì fi koríko mìíràn dí àlàfo.