Obì Gbànja Ń Mí: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Kó Má Gbóná Nínú Agbọ̀n

Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín agbọ̀n obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Bí ibẹ̀ bá gbóná ju etí agbọ̀n lọ, kì í ṣe oòrùn ló fà á, obì náà ló ń mí. Láti ìgbà tí a ti ká a lóko Rẹ́mọ títí tí yóò fi dé ọwọ́ àwọn oníṣòwò Òkè-Ọya ní Sábó, Ṣágámù, abẹ̀mí ni.

Ṣúgà tó wà nínú awẹ́ obì ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń jó díẹ̀díẹ̀, láìsí iná. Bí gíráàmù 180 glucose, irú ṣúgà kan, bá jó tán, gíráàmù 192 ọ́síjìn ló máa bá a lọ. Ohun tí yóò jáde ni gíráàmù 264 carbon dioxide, gíráàmù 108 omi, àti agbára tó tó kilojoule 2,800. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yìí ló ń wọ inú ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó agbára. Ìyókù di ooru. Omi yẹn àti ooru yẹn ló ń ba obì jẹ́. Ooru tún ń mú kí obì mí kíákíá sí i: bí ìgbóná bá fi ìwọ̀n 10 Celsius lé, mímí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ ká obì kí èèpo rẹ̀ tó là fúnra rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ àti ibi tó là ni kòkòrò obì ń gbà yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹ rọra la èèpo. Awẹ́ tí àdá bá kàn, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tètè jẹ ẹ́.

Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 12 sí 24 kí awọ funfun lè rọ̀, ẹ bó o, ẹ ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́síjìn ṣọ̀wọ́n nínú omi, obì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí láìsí i. ATP 2 péré ló ń rí nínú mólékù glucose kan nígbà náà, dípò nǹkan bí 30, ọtí ló sì ń ṣẹ́kù. Òórùn bí ẹmu tó ti kan lára obì tó rọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Mímú obì làágùn ló kàn, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kánjú fò. Ẹ tẹ́ obì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ sínú agbọ̀n tó ní ihò, ní ibòji, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ dà á rú láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ti ìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Tí awẹ́ bá ṣì rin lọ́wọ́, ẹ má tíì dì í.

Ewé ìran tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ni kí ẹ tẹ́ yíká inú agbọ̀n. Kò ní jẹ́ kí ọyẹ́ fa obì gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọ̀rá náà ṣeé lò, bí ẹ bá ká ẹnu rẹ̀ lásán. Bí ẹ bá so ó pinpin, omi á máa ṣàn lára rẹ̀, obì á bu.

Ẹ tú agbọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣa èyí tó ní ihò kúrò, ẹ pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ. Bí àárín bá gbóná, ẹ tẹ́ obì sí ibòji fún wákàtí bíi mélòó kan, kí ẹ wá pín in sí agbọ̀n kéékèèké, nítorí ooru kì í rọ́nà jáde nínú agbọ̀n ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i láé. Tútù la ń jẹ obì, ọmọdé àti àgbà.

Ẹni tí kò bá gbà pé obì ló ń gbóná lè fi fúláàsì méjì wò ó. Kó obì tútù sínú ọ̀kan dé ìdajì. Se iye kan náà nínú omi, jẹ́ kó tutù, fi omi Jik díẹ̀ ṣàn án kí kòkòrò àìfojúrí má baà máa mí dípò rẹ̀, kó o sínú èkejì. Ti tẹmómítà bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi òwú dí ẹnu wọn. Kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Má fi kọ́ọ̀kì dí i: obì tí kò rí ọ́síjìn mí kò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìdánwò náà á sì já sí òfo.