Ẹ má tíì wọ Jámánì lọ wá baba ńlá yín tó jẹ́ máníjà ìwakùsà ní Ọsirélíà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá baba ńlá tó kúrò ní Jámánì lọ di máníjà ìwakùsà ní Victoria tàbí South Australia láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tó fi di ọmọ ìlú níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ìdí ni pé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń kọ ìbí sí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Jámánì kó tó di 1876, ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀, tẹ́ ò bá mọ abúlé ẹ̀ gan-an ẹ kàn máa wá a títí ni, "Prussia" (ìjọba ńlá kan ní Jámánì ayé ìgbà yẹn) lásán ò ràn yín lọ́wọ́ rárá. Ìwé ọmọ ìlú yẹn sábà máa ń sọ ibi tí wọ́n ti bí i àti ọjọ́ orí ẹ̀. Ti Victoria àti South Australia ṣáájú 1904 wà ní National Archives of Australia, ilé àkójọ ìwé ìjọba Ọsirélíà, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ sí RecordSearch, ibi ìwákiri wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ Trove, ìkànnì ilé ìkówèésí ìjọba Ọsirélíà tí ìwé ìròyìn àtijọ́ wà, torí àwọn ìwé ìròyìn ìgbà yẹn máa ń tẹ ìròyìn táwọn máníjà bá kọ nípa kòtò wọn, orúkọ ìdílé àti orúkọ ibi ìwakùsà nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ o, Johann Heinrich ti lè di John Henry níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló gbàwé ọmọ ìlú, tẹ́ ò bá rí i ẹ wo ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi èbúté Hamburg ní Jámánì láti 1850, òun náà máa ń kọ ìlú téèyàn ti wá, tó bá jẹ́ èbúté Bremen ló ti wọkọ̀ ṣá, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ibẹ̀ ti ṣègbé.