Ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣáínà: ẹ mọ àwọ̀ ibi tí ẹ ń wọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Guangzhou tàbí Beijing, yálà ọjà lẹ bá wá ni tàbí ìwé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ẹ̀sìn Kristi kì í ṣe èèwọ̀ ní Ṣáínà, àmọ́ ìjọba ló ń sọ ibi tí wọ́n ti lè ṣe é àti ẹni tó lè wàásù.

Ẹ̀sìn márùn-ún nìjọba fọwọ́ sí, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì sì wà níbẹ̀ bí ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má wá Áńgílíkà tàbí Kérúbù àti Séráfù nínú ìwé wọn. Gbogbo Pùròtẹ́sítáǹtì tó forúkọ sílẹ̀ wà lábẹ́ Three-Self, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954 pé kí ìjọ máa darí ara rẹ̀, kó máa bọ́ ara rẹ̀, kó sì máa wàásù fúnra rẹ̀, kí àjèjì má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwa gan-an ni àjèjì ọ̀hún o.

Fenggang Yang, onímọ̀ nípa àwùjọ, pín ẹ̀sìn ibẹ̀ sí ọjà mẹ́ta ní 2006: pupa lèyí tí ìjọba fọwọ́ sí, dúdú lèyí tí wọ́n fòfin dè, àwọ̀ eérú lèyí tí kò ṣe kedere. Mo fẹ́ràn ìpín yìí torí pé àwọ̀ lè yí padà mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọ Zion ní Beijing fi ń jọ́sìn ní gbangba láìforúkọ sílẹ̀. Ní September 2018, wọ́n tì í pa.

Fún àlejò, ọ̀nà méjì ló rọrùn. Èkíní, ìjọ àwọn àjèjì: ẹ óò fi pásípọ́ọ̀tù hàn lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà kò sì ní lè bá yín wọlé. Èkejì, ṣọ́ọ̀ṣì tó forúkọ sílẹ̀. Ní Guangzhou, ẹ lọ sí Kàtídírà Ọkàn Mímọ́, ilé olókùúta tí wọ́n kọ́ parí ní 1888. Máàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó sì rí àwọn ará ilé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú mólúè l'Ékòó, ẹ má dán an wò nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Láti 1994 ni òfin ti sọ pé àjèjì kò gbọ́dọ̀ yí ọmọ Ṣáínà lẹ́sìn padà tàbí dá ìjọ sílẹ̀, kódà bó ṣe pálọ̀ yín ni. Ìṣọ́ òru aláriwo nínú fúláàtì? Aládùúgbò á pe ọlọ́pàá. Wọ́n lè lé ìwọ padà sílé. Ọmọ Ṣáínà tó gbà ọ́ lálejò kò níbi tó ń lọ. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ tàbí fọ́tò rẹ̀ sórí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn níbẹ̀, ẹ má sì bi í níwájú èèyàn bóyá Kristẹni ni. Wọ́n kì í sọ ọ́ fún àlejò. Iye wọn gan-an kò dájú: ìjọba sọ ní 2018 pé Pùròtẹ́sítáǹtì tó mílíọ̀nù 38. Pew, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ti fojú bù ú sí mílíọ̀nù 58 ní 2010.

Ní ti Bíbélì, ẹ mú tiyín dání. Ilé iṣẹ́ Amity ní Nanjing ti tẹ 200 mílíọ̀nù títí di 2019, síbẹ̀ wọ́n ti kó o kúrò lórí àwọn ọjà íntánẹ́ẹ̀tì láti 2018. Ṣọ́ọ̀ṣì tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á.