Bí A Ṣe Ń Tún Wáípà AUTO Tó Ń Nu Gíláàsì Gbígbẹ Ṣe

Wáípà AUTO ni wáípà tó ń fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí òjò bá kan gíláàsì iwájú. Àrùn méjì ló sábà máa ń ṣe é. Nínú àkọ́kọ́, oòrùn ń ràn, gíláàsì gbẹ táútáú, síbẹ̀ wáípà kò sinmi. Nínú ìkejì, òjò ti dé, omi ti bo gíláàsì, awakọ̀ kò rí iwájú mọ́, wáípà sì dúró gbagidi. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Ìkòròdú tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń gbà lójú ẹsẹ̀ pé sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ mọ̀ pé òjò ń rọ̀, ló kú. Wọ́n á ní kí rẹ́wáyà já wáyà rẹ̀, wọ́n á wá máa fọwọ́ tan wáípà títí ayé ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kì í sábà kú. Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni pádì kékeré tó wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti gíláàsì, ọwọ́ ẹni tó pààrọ̀ gíláàsì iwájú ló sì sábà máa ń bà á jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, lókè gíláàsì iwájú, ẹ máa rí ike dúdú kan. Inú rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú ènìyàn kò lè rí, sínú gíláàsì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi dígírì 45. Bí ìta gíláàsì bá gbẹ, ìmọ́lẹ̀ náà á lu ojú gíláàsì, á sì padà sínú sẹ́ńsọ̀. Bí omi bá kán síbẹ̀, díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ á gba inú omi jáde, èyí tó máa padà á dín kù. Bó bá ṣe dín kù tó ni wáípà á ṣe yára tó. Ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá dín ìmọ́lẹ̀ yẹn kù, ì báà jẹ́ ẹrẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rá, òjò ni ọkọ̀ máa kà á sí. (Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tesla kò ní irú sẹ́ńsọ̀ yìí, kámẹ́rà ni wọ́n ń lò, nítorí náà ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí kò kàn wọ́n.)

Ibi tí kò náni lówó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ pa AUTO kí ẹ tó fọwọ́ kan gíláàsì rárá. Wáípà tó bá gbéra lójijì lè ṣe ìka léṣe, bí ẹ bá sì dì í mú pé kó má lọ, mọ́tò rẹ̀ lè bàjẹ́.

Ẹ fọ ìta gíláàsì dáadáa. Àwọn ọkọ̀ tó ń tọ ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù máa ń gba èéfín dísẹ́ẹ̀lì àti eruku lára tírélà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ọ̀rá. Omi lásán kò lè mú un kúrò. Ṣíbí kékeré kan ọṣẹ ìfọwo nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ti tó. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi aṣọ funfun tí kò tú òwú nu ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń wò pẹ̀lú isopropyl alcohol, irú èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń lò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fi pólíìṣì tí wọ́n fi ń dán ara ọkọ̀ kun gíláàsì iwájú. Yóò dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ á fọ́n kalẹ̀ lójú gíláàsì, sẹ́ńsọ̀ kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo rọ́bà wáípà. Bí rọ́bà náà bá ti le, tó ń fi ìlà omi sílẹ̀ níwájú sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ á tún rí omi, á tún pe wáípà, wáípà á tún fi omi sílẹ̀. Ẹ nu ẹnu rọ́bà náà pẹ̀lú sípíríìtì. Bí ìlà kò bá lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ra odidi wáípà bí ọ̀pá irin rẹ̀ bá ṣì dúró dáadáa: rọ́bà inú nìkan wà tí wọ́n ń tà, ẹ ṣáà rí i pé gígùn rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu.

Òrùka tó wà lára ọ̀pá wáípà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì ni wọ́n fi ń yan bí sẹ́ńsọ̀ ṣe máa tètè gbọ́ òjò. Ẹ gbé e sí àárín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá tan AUTO tàbí tí ẹ yí òrùka náà sókè, wáípà á nu gíláàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe àrùn, ọkọ̀ ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ti gbọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti torí èyí nìkan náwó lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Pádì jẹ́ẹ̀lì: ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́

Ẹ dúró síta, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí pádì tó dára wà máa ń rí dúdú ṣẹ́ẹ́ láìsí àbàwọ́n, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó máa rí gaara. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tó ń dán bíi fàdákà, yálà ó rí roboto tàbí ó rí bí ẹ̀ka igi, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ gíláàsì bó ṣe yẹ. Bó bá kéré, ọkọ̀ á rò pé òjò ń rọ̀, pàápàá lọ́sàn-án nígbà tí ooru bá mú afẹ́fẹ́ náà fẹ̀. Bó bá pọ̀ débi tí pádì ti ṣí kúrò lára gíláàsì, sẹ́ńsọ̀ kò ní rí òjò rárá. Ibi kan náà ni àrùn méjèèjì ti wá.

Ṣíṣí rẹ̀ kò le. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ike pẹlẹbẹ ṣí ìdérí tó yí ẹ̀yìn dígí ká, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ níbi orí rẹ̀, kì í ṣe níbi wáyà fúnra rẹ̀. Kílíìpù irin méjì ló sábà máa ń di sẹ́ńsọ̀ mú. Ẹ tú wọn, kí ẹ sì rọra ká sẹ́ńsọ̀ kúrò láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má lo súkúrú dẹráfà láti fi ṣí i, gíláàsì lè sán.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù rèé. Pádì náà jẹ́ jẹ́ẹ̀lì sílíkónì tó mọ́ gaara, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo kankan láàárín sẹ́ńsọ̀ àti gíláàsì. Àwọn kan ń fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́: ó máa ń gan, ó ń funfun, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, ojú sẹ́ńsọ̀ á bá a lọ. Àwọn kan ń fi báásílínì sí i: oòrùn ọjọ́ kan á yọ́ ọ, á ṣàn wálẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì irun máa ń gbẹ, á sì fi àlàfo sílẹ̀. Sílíkónì tí wọ́n fi ń dí ojú fèrèsé máa ń há afẹ́fẹ́ sínú bó ṣe ń gan. Tápù olójú méjì ló burú jù nínú gbogbo wọn, ó sì wọ́pọ̀, nítorí pé kì í já bọ́, onígíláàsì á sì sọ pé òun ti parí iṣẹ́.

Ẹ ra pádì tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ òjò. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó sẹ́ńsọ̀. Bí èyí tẹ́lẹ̀ kò bá ya, tí kò sì pọ́n, ẹ lè tún un lò: ẹ fi sẹlotéèpù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti fi kó eruku ojú rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ìka kan àárín rẹ̀. Ọ̀rá ọwọ́ kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́, àmì ìka náà á sì dúró síbẹ̀.

Ẹ ṣe é lábẹ́ ibòji, ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń gbé eruku. Kí gíláàsì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, kó má gbóná, kó má sì tutù. Àárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà lórí gíláàsì kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi isopropyl nu inú gíláàsì títí aṣọ kò fi ní gbé ìdọ̀tí kankan mọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí tíǹtì bá wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti gíláàsì, ẹ gé ibẹ̀ kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ lẹ pádì mọ́ sẹ́ńsọ̀. Ẹ ṣí náílọ́ọ̀nù tó bo ojú kan pádì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan balẹ̀, kí ẹ wá máa rọra tẹ́ ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí afẹ́fẹ́ lè máa rí ibi sá gbà. Ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí náílọ́ọ̀nù ojú kejì, kí ẹ sì ṣe bákan náà sí ara gíláàsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sì ti kílíìpù méjèèjì pa. Bí kílíìpù kan bá ti dá, ẹ wá òmíràn. Kílíìpù ni kì í jẹ́ kí pádì sún nígbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò, kòtò sì pọ̀ lọ́nà wa.

Ẹ padà síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Afẹ́fẹ́ tín-ín-tín tó wà létí pádì máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Èyí tó bá tó orí pín-ìn-nì tó sì wà láàárín kò ní lọ. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì iwájú

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi onígíláàsì bóyá gíláàsì tuntun náà ní ojú fún sẹ́ńsọ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa pé àlàfo kan wà tí ọ̀dà dúdú kò bò láàárín ọ̀dà dúdú tó wà lókè, tí ìdè sẹ́ńsọ̀ sì wà lára rẹ̀. Gíláàsì tí kò ní ojú yìí máa ń dínwó jù, ṣùgbọ́n AUTO kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ fúnra yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù mímọ́ wé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lé dáṣíbọ́ọ̀dù lójú oòrùn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dá a padà.

Láti dán an wò, ẹ tan ọkọ̀, ẹ gbé wáípà sí AUTO, kí ẹ fi ike aláfọ́n omi fọ́n omi sí iwájú sẹ́ńsọ̀ nìkan. Wáípà gbọ́dọ̀ lọ, kó sì dúró nígbà tí ojú bá gbẹ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ọkọ̀ mìíràn fẹ́ kí ẹ pa AUTO, kí ẹ sì tún un tàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan íńjìnnì. Ẹ gbìyànjú èyí kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ wo fíùsì àti orí wáyà. Lẹ́yìn náà ni kí rẹ́wáyà tó ní ẹ̀rọ sikánà ka ọkọ̀ náà, nítorí pé àwọn ọkọ̀ kan nílò kí wọ́n fi sikánà jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ mọ gíláàsì tuntun. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ra tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ẹ mú sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ dání. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn méjèèjì ni kí ẹ fi wé ara wọn. Sẹ́ńsọ̀ tó jọra lójú lè má bá ọkọ̀ yín sọ̀rọ̀.