Bí a ṣe ń so ẹkún mọ́ ìjà nínú eré sọ́ńbì orí tẹlifíṣàn

Nínú ìwé eré àkọ́kọ́ tí mo kọ nípa sọ́ńbì, ìyẹn òkú tó dìde tó ń bu èèyàn jẹ, ojú ewé márùn-ún ìjà ló ń tẹ̀ lé ojú ewé márùn-ún ẹkún, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Mo rò pé mo ti wọ̀n wọ́n dọ́gba. Ọ̀rẹ́ mi tí mo fún kà dá a padà, ó ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sunkún lòun fò. Ó dùn mí, àmọ́ kò purọ́. Ẹkún mi kò kan ìjà, ìjà mi kò sì kan ẹkún. Nígbà tí òkú bá ń kanlẹ̀kùn, ohun tó wà láàárín àwọn tó wà nínú ilé ló yẹ kó sọ ẹni tí yóò di ìlẹ̀kùn mú àti ẹni tí yóò gba ẹ̀yìn sá lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Wá ìjà inú ilé kí o tó wá òkú

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Kọ ẹ̀dá ìtàn mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀, má kọ ogún. Lábẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tó ń fẹ́, ohun tó ń fi pa mọ́, àti ẹni tó yẹ kó bẹ̀ tí kò tíì bẹ̀.

Ká ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà nínú wọn. Lọ́jọ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn náà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá wọn síta, torí ó rí ojú eyín lápá rẹ̀. Ó wá sọ fún àbúrò pé ìyá ti kú kí òun tó délé. Látìgbà náà, òun ló ń mú gbogbo kọ́kọ́rọ́ dání, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. A kò tíì rí sọ́ńbì kan ṣoṣo, eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nínú fíìmù Night of the Living Dead tí George A. Romero gbé jáde ní 1968, òkú yí ilé oko kan ká, àmọ́ àríyànjiyàn ọkùnrin méjì ló ń mú àyà èèyàn já jù: ọ̀kan ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n sá sí, èkejì ní pàkúté ni ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣòfin fún sọ́ńbì rẹ

Ṣé wọ́n ń sáré ni àbí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀? Ṣé ariwo ni wọ́n ń tẹ̀ lé àbí òórùn? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ẹni tí wọ́n bù jẹ tó yí padà? Ìbéèrè kẹta yìí ni kí o jókòó tì. Bó bá jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, eré sísá nìkan lo máa rí kọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan gbáko, o ti rí àyè fún ìjẹ́wọ́, fún ìdágbére, àti fún ẹni tó fa aṣọ bo ojú ọgbẹ́ tó sì jókòó ti àwọn ọmọdé.

Wo The Walking Dead, eré sọ́ńbì orí tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2010. Ìparí sáà kejì ni wọ́n tó là á mọ́lẹ̀ pé gbogbo èèyàn ló ti ní àrùn náà lára: bí wọ́n bù ọ́ jẹ, bí wọn ò bù ọ́ jẹ, tó o bá ti kú, wàá dìde. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tó ń wúkọ́ lóru ti di ewu fún ẹni tó sùn tì í. Ta ni yóò jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ? Òfin kan ṣoṣo ló bí ìyẹn.

Tó o bá ti ṣòfin tán, má yí i nítorí pé ìtàn há.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Jẹ́ kí ìjà bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan

Ibí ni kí o ti lo àkókò rẹ jù. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Sọ́ńbì ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn onírin. Àbúrò ń sáré bọ̀, ó pọn ọmọdé kan tí ẹ̀jẹ̀ wà lápá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ojú eyín ni àbí ìgò ló gé e. Ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, kò yí i. Ó tó bí ìgbà tí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó ṣí i. Àmọ́ àbúrò ti rí ọwọ́ tó dúró yẹn, ó sì ti mọ bí ìyá wọn ṣe kú.

Má fi ọ̀rọ̀ kankan sẹ́nu wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìran ìjà tí mo bá kọ, mo máa ń bi ara mi pé: ta ni kò ní lè wo ojú ta ni mọ́? Bí kò bá sí, mo máa ń yọ ìran náà, bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fún ọwọ́ níṣẹ́ nígbà tí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀

Èmi kò fẹ́ràn ìran tí wọ́n ti ń yí iná ká, tí oníkálùkù ń ṣàlàyé ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n máa fọ aṣọ ọgbẹ́, tàbí kí wọ́n máa ka ọta ìbọn:

“Mẹ́tàdínlógún.”
“Méjìdínlógún ló wà láàárọ̀.”
“Tún un kà.”

Ẹnì kan ti fi ọta kan pa mọ́ fún ara rẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀, wọn ò sì ní dárúkọ ẹni náà.

Ìran jẹ́ẹ́jẹ́ lè gùn bí ohun kan bá ń dúró nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ráhùn pé sáà kejì The Walking Dead falẹ̀, torí orí oko kan ni wọ́n wà ṣáá tí wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó sọnù. Ní apá keje, wọ́n ṣí abà tí onílé kó òkú sí, ọmọ náà sì jáde wá láàárín àwọn òkú. Ká ní wọn ò fi gbogbo ọjọ́ yẹn wá a, ọ̀kan lára òkú lásán ni ì bá jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ná owó ìjà síbi tí okùn ti fẹ́ já

Kíkun ojú òṣèré, kíkó èrò jọ, ẹni tó ń ṣubú láti orí òrùlé: owó ni gbogbo rẹ̀. Kọ ìran kọ̀ọ̀kan sórí páálí, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ìjà ní àwọ̀ tirẹ̀. Má pín in déédéé fún gbogbo apá. Gbé ìjà ńlá síbi tí àárín èèyàn méjì ti fẹ́ bàjẹ́ pátápátá, kí apá tó ṣáájú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní sọ́ńbì rárá, àfi ìró ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn ògiri.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Tí ẹnì kan bá kú, jẹ́ kí àyè rẹ̀ ṣófo

Kí o tó pa á, fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tí òun nìkan ń ṣe. Ká ní òun ló máa ń ka ọta ìbọn ní alaalẹ́. Ní apá tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, má kọ ìsìnkú gígùn. Jẹ́ kí ẹlòmíràn mú àpò ọta náà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kó ṣì í kà lágbede méjì, kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà má sì sọ fún un.