Mọ́ọ̀pù ọ̀fẹ́ láti Amẹ́ríkà tó ná mi lówó

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe mọ́ọ̀pù oníná yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston ló fi ránṣẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, òun pẹ̀lú bàtà àwọn ọmọ, ọṣẹ ìfọṣọ àti agolo oríṣiríṣi. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "Àbúrò mi, o ò ní bẹ̀rẹ̀ nulẹ̀ mọ́. Omi lásán lo máa bù sí i, á sọ ọ́ di ooru, ooru yẹn lá máa tú ìdọ̀tí. Kò wá ọṣẹ, kò wá Izal." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ṣàdúrà fún wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí mọ́ọ̀pù yìí tó nu táìlì kan ṣoṣo nílé mi n'Ìbàdàn, owó tí mo ti ná lé e lórí ti ju iye tí wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún lọ. Mi ò tíì ka owó tí àwọn tó bá wa kó dúrọ́ọ̀mù gbà mọ́ ọn. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi kì í ki ohun tí mi ò tíì ka ẹ̀yìn rẹ̀ bọ iná. Mo yí mọ́ọ̀pù náà padà, mo rí i lára rẹ̀: 120V, 60Hz, 1300W. V ni ipá tí iná fi ń wọlé, W ni agbára tí ẹ̀rọ máa fà. Iná tiwa níbí, 230V ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi àdápútọ̀ kan sínú páálí, wọ́n ní òun ni kí n fi lò ó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà nílé lọ́jọ́ náà ti ki í bọ ẹnu wáyà, ó ti ń lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ni mo bá figbe ta. Àdápútọ̀ kò ṣe ju kó sọ ẹnu pẹlẹbẹ di ẹnu tó wọ ògiri wa lọ. Iná tó ti inú ògiri jáde, bó ṣe jáde náà ló ṣe máa wọlé. Gbogbo ohun tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbóná, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, àti mọ́ọ̀pù yìí, tí ẹ bá fún un ní iná ìlọ́po méjì, agbára tó máa fà á di ìlọ́po mẹ́rin. 1300 á sún mọ́ 5000. Kí fúùsì tó já, nǹkan lè ti yọ́. Ṣájà fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù kò ní wàhálà yìí, torí 100–240V ló wà lẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn ló sì ń tan àwọn ará òkè òkun jẹ tí wọ́n fi rò pé gbogbo ẹrù ló rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa sọ 230 di 110 ni step-down. Ẹni tó bá ti lo ẹrù Amẹ́ríkà tàbí tòkunbọ̀ láti Japan rí á mọ̀ ọ́n. Èyí kékeré tí wọ́n fi ń lo rédíò kò lè gbé mọ́ọ̀pù, torí náà 2000W ni mo ní kí wọ́n fún mi, kó lè ní ààyè tó máa fi mí. Ọmọkùnrin tó ń tà á na ọ̀kan sí mi. Àkọlé 2000W wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ọwọ́ kan ni mo fi gbà á.

"Ṣé kò fúyẹ́ jù báyìí?"

"Àǹtí mi, ti ìgbàlódé nìyẹn. Á gbé fíríìjì, á gbé àdògán, á gbé gbogbo ẹ̀."

A nájà, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé.

Mo gbá ilẹ̀ pálọ̀, mo da omi sínú mọ́ọ̀pù, mo tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa rẹ̀ tàn. Mo dúró, mo tún dúró. Nígbà tí nǹkan máa jáde, omi ló ń kán, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe ooru. Ilẹ̀ rin gbindin, ìdọ̀tí wà níbi tó wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, step-down ń kùn, ó gbóná débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ lé e, òórùn ọ̀dà tó ń jóná ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀. Mo yára fà á yọ.

Ẹ wá wo bí gbogbo ayé ṣe gbẹ́nu lé mọ́ọ̀pù mi. Mo pe ọmọkùnrin yẹn, ó ní inú ọkọ̀ ojú omi ni mọ́ọ̀pù ti bàjẹ́, pé iyọ̀ òkun ti wọ̀ ọ́. Iyọ̀ òkun, nínú páálí tí wọ́n fi rọ́bà wé, nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé pa! Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àwọn ní irú rẹ̀ nílé, tàwọn ń yọ ooru wùyẹ̀wùyẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé mi ò ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Èmi tí mo ka ìwé náà tán kí n tó tú aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀! Màámi, tí wọ́n wá kí wa lọ́sẹ̀ náà, kò tilẹ̀ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n kàn ní, "Ṣebí àkísà ṣì wà nínú ilé yìí?"

Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa ló gbà mí. Kò fọwọ́ kan mọ́ọ̀pù rárá, step-down ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ki mítà ọwọ́ rẹ̀ bọ ihò tí iná ti ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí a ò tíì ki nǹkan kan bọ̀ ọ́: 112. Ó dára. Ó wá ní kí n tan mọ́ọ̀pù. Lójú wa báyìí, 112 wálẹ̀ di 86. Ó ní ẹ̀rọ tó ń wá 120 tó sì ń rí 86, ìdajì agbára rẹ̀ péré ló kù, ìdajì agbára ò sì lè sọ omi di ooru, á kàn mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo rò ó sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ó tú ìdérí step-down, ó fi ọ̀bẹ ha wáyà inú rẹ̀. Òkè rẹ̀ pọ́n bíi bàbà. Abẹ́ rẹ̀ funfun. Alùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ọ̀dà pupa bò.

"Ẹ̀yin Mọ́mì, 2000 tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí, ojú ló wà fún. Tó bá gbé 800 láìrojọ́, ó ti gbìyànjú. Ẹ wo bó ṣe fúyẹ́. Bàbà àti irin ló ń mú step-down wúwo. Ojúlówó 2000, ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi gbé e, ẹ ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé gèètì."

Mo dá a padà. Ẹ ti mọ ohun tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà: ọjà tí a bá ti tà, kò sí ìdápadà owó. Ọmọkùnrin tó ń pè mí ní Àǹtí mi tẹ́lẹ̀ ti sọ mí di "Madam". Ó ní ìgbà tó fi kúrò lọ́wọ́ òun, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kò burú, oníṣẹ́ iná mi wà níta pẹ̀lú mítà ọwọ́ rẹ̀, kó bá wa gbé step-down 2000W mìíràn kalẹ̀ látinú igbá rẹ̀, ká ki àdògán oníná bọ̀ ọ́, ká jọ wò ó, àwọn oníbàárà tó dúró yìí náà á bá wa wò ó. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó mú mi wọnú lọ, ó ṣí aṣọ lórí step-down tòkunbọ̀ kan tó dúdú, tó wúwo, tí àkọlé 3000W ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ó ní kí n fi owó lé e. Mo ní owó wo? Ó ní èyí yìí "original". Nítorí náà ó mọ̀ pé èyí tí òun tà fún mi kì í ṣe original!

Mo fi owó lé e. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kò fi ìyàtọ̀ rẹ̀ jì mí, kò bẹ̀ mí, ó sì tún gba owó lọ́wọ́ mi kí n tó rí ohun tí mo ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ iná dán an wò lójú rẹ̀: 114 nígbà tí a ò ki nǹkan bọ̀ ọ́, 109 pẹ̀lú àdògán. Àwa méjèèjì la gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Háà, nígbà tí ooru wá jáde! Mo ti ṣetán láti kórìíra mọ́ọ̀pù yìí, ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ ni ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, níbi tí epo pupa ti ń ta sílẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé. Mo rọra tì í lọ, mo rọra fà á bọ̀, epo náà tú, aṣọ gbà á. Sìmẹ́ǹtì funfun tó wà láàárín táìlì, tí mo ti gbà pé eérú ni àwọ̀ rẹ̀, funfun padà. Ilẹ̀ gbẹ kí n tó nu dé ẹnu ọ̀nà, kò sí pé a ń fò lórí omi, kò sì sí òórùn Izal tó máa ń mú Màámi wúkọ́. Àwọn fúnra wọn wá wò ó. Wọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nu ilẹ̀, wọ́n mi orí, wọn ò sọ nǹkan kan. Fún Màámi, oríyìn nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń nu ún kò le, ẹni tó bá ti fi mọ́ọ̀pù nulẹ̀ rí á ṣe é. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ gbálẹ̀ dáadáa, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí tí ooru bá bá eruku, ẹrẹ̀ ló máa dì. Ẹ má kánjú tì í. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ lójú kan nígbà tó bá ń gbóná.

Omi ni ẹ fojú sí. Omi bọ́ọ̀hóòlù wa máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, nítorí náà mi ò jẹ́ kó dé inú mọ́ọ̀pù rí, torí ihò tí ooru ń gbà jáde kéré, ẹfun yẹn á dí i pa. Lásìkò òjò, omi òjò ni mò ń lò, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ òrùlé, mo sì máa ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń ra distilled water tí àwọn tó ń ta bátìrì ọkọ̀ ń tà. Ẹ ka ara ike rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ásíìdì bátìrì wà lórí àtẹ kan náà, ike wọn sì jọra. Ẹnìkan ní kí n da Hypo díẹ̀ sí i kó lè pa kòkòrò. Láéláé! Ooru Hypo nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ tì, ta ló fẹ́ fà á símú? Izal, Dẹ́tọ́ọ̀lù, ọṣẹ olómi, ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀.

Yàrá wa tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà sí, mi ò gbé e débẹ̀. Gọ́ọ̀mù ló di rọ́bà yẹn mú, ooru á sì tú u. Ilẹ̀ onípákó náà kò fẹ́ ẹ, torí omi á wọ ojú oríkèé rẹ̀, á wú. Táìlì ló dára fún jù.

Ní ti iná, àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù pé á jẹ yúnìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀. 1300W fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, yúnìtì kan ni, ìyẹn sì tó nu gbogbo ilé wa. Kódà fún àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n gbé owó iná wọn láti ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúnìtì kan kò lè pa wọ́n. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni iná tí kò lágbára. Lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan, iná wa máa ń wálẹ̀ sí 170, step-down á wá gbé nǹkan bí 85 jáde, a ti padà síbi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nìyẹn. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni mò ń nulẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti lọ síbi iṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀, I better pass my neighbour, kò lè gbé e, ẹ má dán an wò.

Ẹni tó bá ní èèyàn ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi irú nǹkan yìí ránṣẹ́, kó ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Tó bá jẹ́ 120V, kó bá wọn ṣírò owó step-down mọ́ ọn, kí wọ́n mọ ohun tí ọ̀fẹ́ ń jẹ́. Ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí ní London, ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti béèrè: 230V ni tiwọn, ẹnu wáyà wọn àti tiwa ò yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Peckham, ní London níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè lọ́wọ́ wọn.

Aṣọ ìnulẹ̀ méjì ló bá a wá, wọ́n sì ti ń gbó. Mo wá irú wọn títí, mi ò rí. Ni mo bá mú ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ télọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí àwòṣe, ó fi táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ rán mẹ́rin fún mi, ó fi rọ́bà sí etí wọn kí wọ́n lè di orí mọ́ọ̀pù mú. Wọ́n ń gba ìdọ̀tí ju ti Amẹ́ríkà lọ. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi, mo fún un láìnájà.