Bí Ẹ Ó Ṣe Kó Ọgọ́rùn-ún Ọmọ Ogun Jọ fún Ìjọba Lincoln ní Ohio, Ọdún 1862

Ìtọ́nà yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, fún ẹni tí ó ń kọ eré orí ìtàgé, àti fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti ń yà lẹ́nu. Nígbà tí ogun náà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861 láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ó fẹ́ ya kúrò, ìjọba kò ní ju nǹkan bí 16,000 ọmọ ogun lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fọ́n ká sí ibodè ìwọ̀-oòrùn. Kí ogun náà tó parí ní ọdún 1865, ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ti wọṣẹ́ ogun fún un. Ó rọrùn láti gba ojú Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Lincoln kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó kan ilẹ̀kùn ni lọ́yà ìlú kékeré, olùkọ́, àlùfáà, àti oníṣòwò tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ara yín sí ipò irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní oṣù Keje ọdún 1862.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mọ irú àkókò tí ẹ bọ́ sí. Ní ọdún tí ó ṣáájú, kò sí ẹni tí ó nílò ọgbọ́n púpọ̀ láti rí ọmọ ogun. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1861 ni àwọn ará Gúúsù yìnbọn lu Fort Sumter, odi ọmọ ogun ìjọba. Nígbà tí ó di ọjọ́ 15, Lincoln béèrè 75,000 ènìyàn fún 90 ọjọ́, àwọn tí ó sì jáde pọ̀ débi pé àwọn gómìnà kan ń bẹ̀bẹ̀ kí ó gbà ju iye tí ó bù fún wọn lọ. Lẹ́yìn tí àwọn ará Gúúsù lé ọmọ ogun ìjọba sá lójú ogun Bull Run, ilé aṣòfin fọwọ́ sí 500,000 sí i. Edwin Stanton, mínísítà ogun, wá ṣe àṣìṣe kan tí ẹ̀yin ni ẹ ó san gbèsè rẹ̀: ní oṣù Kẹrin 1862 ó ní kí wọ́n ti gbogbo ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ pa, nítorí ó gbà pé ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ogun tí wọ́n gbé lọ sí Richmond, olú ìlú àwọn ará Gúúsù, fi dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, tí Lincoln sì tún ń béèrè 300,000, fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí ti rí àwọn tí ó padà wálé láìní apá, wọ́n sì ti ka orúkọ àwọn òkú nínú ìwé ìròyìn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àlìkámà ti gbó lóko. Ẹni tí ó bá pe ìpàdé ní ọ̀sán oṣù Keje yóò bá àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé nìkan sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ gómìnà David Tod ní Columbus, olú ìlú Ohio. Ìpínlẹ̀ ni ó ń kó àwọn ọmọ ogun olùyọ̀ǹda jọ, gómìnà ni ó sì ń fi àwọn ọ̀gá wọn joyè, títí kan kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ìwé náà kò sọ yín di ọ̀gá. Ààyè láti lọ wá oyè náà fúnra yín ni ó fún yín. Ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ kó jọ kò gbọdọ̀ dín ní ènìyàn 83, kò sì gbọdọ̀ ju 101 lọ, mẹ́wàá irú rẹ̀ ni ó sì ń di régímẹ́ǹtì kan. Orúkọ tí Bíbélì Yorùbá pe ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Róòmù, balógun ọ̀rún, bá ẹni tí ó kó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ mu gan-an. Ẹ rántí pé àwọn tí ẹ kó jọ lè dìbò yan ẹlòmíràn ṣe balógun ọ̀rún yín, nítorí ìbò ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń yan ọ̀gá. Ẹni tí ó bá le koko mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n tó dìbò kò gbọ́n.

Ẹ má ṣe lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri kí ẹ tó rí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ti gbà ní ìkọ̀kọ̀ láti bá yín lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ wá ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń fara wé: ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ọwọ́ rẹ̀ le, olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní ìwé, ọmọ ọlọ́lọ. Bí ẹnì kan bá gbà, àbúrò rẹ̀ yóò tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ àbúrò náà yóò sì tẹ̀lé e pẹ̀lú. Ará Ìbàdàn ìgbà ogun Ìjàyè, tí ó mọ̀ pé ẹ̀yìn olórí ogun kan pàtó ni ọmọkùnrin ń tò sí, kò ní béèrè àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá dúró láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ kì í fẹ́ sá, nítorí lẹ́tà yóò ti ròyìn rẹ̀ délé kí òun tó dé. Ewu ibẹ̀ ni pé ọ̀sán kan ṣoṣo lójú ogun lè kó gbogbo ọ̀dọ́ ìlú kan lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ lè pe ìpàdé, ní ìrọ̀lẹ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ẹjọ́. Ẹ gbé àwọn arúgbó tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ja ogun 1812 jókòó níwájú, ẹ jẹ́ kí ìlù àti fèrè dún láti ojú pópó wọlé, kí àwọn obìnrin sì wà níbẹ̀ dáadáa, nítorí ojú wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń wò. Kí àlùfáà gbàdúrà, kí adájọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà má gùn. Ọ̀rọ̀ gígùn ń fún ènìyàn ní ààyè láti ro ti oko rẹ̀. Ìwé orúkọ ni kí ó wà lórí tábìlì níwájú gbogbo wọn. Bí adájọ́ bá ti jókòó, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ orúkọ yín ṣáájú, kí àwọn mẹ́rin tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ sì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlú yín bá ní àwọn ará Jámánì púpọ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn ni kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ní 1861, àwọn ará Jámánì ti Cincinnati fi odindi régímẹ́ǹtì kan jáde, 9th Ohio; èdè Jámánì ni August Willich fi kọ́ wọn ní ìṣe ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Robert McCook, kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn, kì í ṣe ọmọ Jámánì.

Ní ti owó, ẹ sọ òótọ́. Dọ́là 13 ni owó oṣù. Ìjọba ṣèlérí owó ìwúrí dọ́là 100 fún ẹni tí ó bá gbà fún ọdún mẹ́ta, ó sì ń san 25 nínú rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá mú ọmọ ogun kan wá ń gba dọ́là 2. Bàbá tí ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin kò lè gbéra láìmọ ẹni tí yóò máa bọ́ ilé rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn olówó ìlú fọwọ́ sí ìwé níwájú ìpàdé pé àwọn yóò máa ran àwọn ìdílé náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi owó ṣe ìdí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí òfin oṣù Kẹta 1863 ti sọ iṣẹ́ ogun di dandan, tí ẹni tí ó ní dọ́là 300 sì lè fi ra ara rẹ̀ sílẹ̀, ìlú àti ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìwúrí bá ara wọn du ènìyàn. Àwọn kan sì sọ ọ́ di òwò: wọ́n á forúkọ sílẹ̀ níbí, wọ́n á gba owó, wọ́n á sá, wọ́n á tún fi orúkọ mìíràn wọlé níbòmíràn. Nǹkan bí 46,000 péré ni òfin náà fi agbára mú wọ iṣẹ́ ogun fúnra wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́ jù.

Àyẹ̀wò dókítà kì í pẹ́. Eyín iwájú ni ó ṣe pàtàkì, nítorí eyín ni wọ́n fi ń ya bébà tí wọ́n fi di ẹ̀tù ìbọn. Ẹni tí kò ní i kò wúlò fún ìbọn. Àyẹ̀wò náà rí gbẹ̀fẹ́ débi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin wọṣẹ́ ogun nínú aṣọ ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba yóò ka iye yín, yóò sì búra fún wọn. Títí di wákàtí yẹn, wọ́n ṣì lè yí ọkàn padà, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọjọ́ púpọ̀ kọjá láàárín ìpàdé àti ìbúra.

Àwọn kan wà tí ẹ kò ní láṣẹ láti gbà ní 1862. John Mercer Langston, lọ́yà aláwọ̀ dúdú ti ìlú Oberlin ní Ohio, ní òun yóò kó ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú jọ fún Ohio, Tod kọ̀. Ní 1863, Langston bá ìpínlẹ̀ Massachusetts wá ènìyàn, Tod sì wá rí i pé ọmọ ìpínlẹ̀ òun ń kún régímẹ́ǹtì ẹlòmíràn kí ó tó yí ọkàn padà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá Massachusetts rìn káàkiri ni Martin Delany, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ẹni tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Robert Campbell ti bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1859. Ọmọ Delany, Toussaint, wọ 54th Massachusetts, régímẹ́ǹtì àwọn aláwọ̀ dúdú. Nínú 55th, Nicholas Said wà, ọmọ Kúkáwá ní Bọ̀rnó, tí wọ́n ti kó lẹ́rú nígbà èwe. Dọ́là 13 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú yìí. Dọ́là 10 ni ìjọba fẹ́ san, pẹ̀lú 3 tí wọ́n ń yọ fún aṣọ. Àwọn ọmọ 54th kọ̀ láti gba ohunkóhun, kódà nígbà tí Massachusetts ní òun yóò san ìyókù, oṣù Kẹfà 1864 ni ilé aṣòfin sì tó tún un ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ wá ọmọ ogun láàárín àwọn ènìyàn wọn ní àkókò yẹn ní láti kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ owó náà.

Iṣẹ́ yín kò parí nígbà tí ẹgbẹ́ náà bá wọ ọkọ̀ ojú irin. Láàárín ọdún kan, àìsàn àti ìbọn lè dín 100 kù sí 30. Régímẹ́ǹtì tuntun ni ọ̀pọ̀ gómìnà máa ń dá sílẹ̀ nígbà náà, nítorí oyè tuntun ni ó ń mú ọ̀rẹ́ wá fún wọn. Wisconsin ni ó ń fi ènìyàn kún èyí tí ó ti wà, ọ̀gágun Sherman ti ìjọba sì yìn wọ́n fún un. Bí ẹ bá lè rí i gbà, ẹ rán sájẹ́ńtì kan padà sí ìlú yín láti wá ènìyàn. Kí ó má ṣe kọ́kọ́ lọ sí ọjà tàbí ilé ẹjọ́. Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé àwọn tí ó ti kú, kí ó fi ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lé ìyá wọn lọ́wọ́, kí ó sì jókòó títí wọn yóò fi béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè. Ilé mìíràn ń wò ó láti ojú fèrèsé.